Ẹrù Tí Ọ̀tún Rù

Ibi tí ìkùukùu ti máa ń ti orí adágún wá bo Bowmanville ní Kánádà láàárọ̀ ni Fàtáì Àlàmú ti ń pààrọ̀ táyà. Kò ní ṣọ́ọ̀bù; gáréèjì ilé rẹ̀ náà ni. Bí òtútù bá ti ń wọlé bọ̀, gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti Meadowvale dé Whitby á rántí pé ẹnì kan wà tó mọ iṣẹ́ fọkanáísà, wọ́n á máa pè é ní "Uncle wa". Bí yìnyín bá yọ́, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ di ọdún mìíràn. Kò bínú. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ti sá fún ìjọba ológun, ó ti sin ìyàwó sí ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ máa bá ènìyàn bínú nítorí táyà kò ní rí oorun sùn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Nínú ìpàdé àwọn ọmọ ìlú Ìlàsà-Oko, "Ọmọ Afìlú-gbayọ̀" ni wọ́n fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Bí oúnjẹ bá ti dé báyìí, Ọládipọ̀, tí í ṣe ọmọọmọ ọba, á kígbe pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ jìnnà sí Uncle Fàtáì o!" Gbọ̀ngàn á hó fún ẹ̀rín. Fàtáì náà á bá wọn rín in. Ẹ̀rín yẹn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ayọ̀mipọ̀, kò lè fara mọ́.

Ayọ̀mipọ̀ nìkan lọ́mọ tó bí, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù méje. Wọ́n ti sọ fún un pé ọkùnrin ni. Fàtáì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà jẹ́ Àlàmú, orúkọ bàbá bàbá òun, kí orúkọ náà má bàa parẹ́. Ayọ̀mipọ̀ mi orí.

"Daddy, I can't. Orúkọ ẹni tó ta ìlú ẹ̀ nítorí iyọ̀? Kí wọ́n tún wá máa fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́? No, please."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, Fàtáì nìkan ló sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà ogun Hítílà, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó gbé òfin ogun wá sí Ìlàsà-Oko: kí gbogbo ilé kó èkùrọ́ wọn fún ìjọba ní iye tí ìjọba bá sọ, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé gàrí jáde kúrò nílùú lọ tà, títí ogun ó fi tán. Ajẹ́lẹ̀ yìí kò gbé ìbọn dání. Ọlọ́gbọ́n ni. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba, ó béèrè àlàáfíà àwọn olorì, ó sì gbé àpò iyọ̀ kalẹ̀ lásìkò tí iyọ̀ wọ́n, tí àwọn ìyá àgbà ń fi eérú se ọbẹ̀. Ìgbà tí ara tu gbogbo wọn tán ló tó rọra sọ pé ọba tó bá kọ òfin náà, wọ́n á rọ̀ ọ́ lóyè. Bẹ́ẹ̀, bí ọba bá gbà, ìlú á dìde sí i.

Nílùú wọn, ọba kì í jẹ̀bi. Ọ̀tún rẹ̀ ní í bá a jẹ ẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọba pe Ọ̀tún, ìyẹn Àlàmú, ó ní, "Sọ fún ìlú pé ìwọ lo gba iyọ̀, pé ìwọ lo bá òyìnbó ṣe é. Rù ú fún mi. Bí ogun bá tán, n ó ránṣẹ́ sí ọ kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Àlàmú búra pé ẹnikẹ́ni nílé òun kò ní tú àṣírí náà títí ìránṣẹ́ ọba yóò fi dé, àfi kí bàbá sọ ọ́ fún ọmọ lórí ibùsùn ikú.

Ọba wàjà kí ogun tó tán. Ìránṣẹ́ kò dé. Òyìnbó ká òfin rẹ̀, ó gba ilé rẹ̀ lọ, ẹrù ṣì wà lórí Àlàmú. Ó fi lé ọmọ rẹ̀ lórí, ìyẹn fi lé Fàtáì lórí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí ti lọ fún ọgọ́rin, òtítọ́ ń sinmi níbì kan. Fàtáì lè dúró di orí ibùsùn ikú kó tó sọ ọ́ fún Ayọ̀mipọ̀, ṣùgbọ́n ìsọmọlórúkọ kì í dúró de ikú bàbá ìyá.

Láti ìgbà tí Ayọ̀mipọ̀ ti kọ orúkọ náà ni àlá ti ń wá bá a lọ́sàn-án gangan. Á jókòó sórí táyà, ìkùukùu á rọra wọ gáréèjì, òórùn àdín á gba imú rẹ̀. Á wá rí bàbá arúgbó kan lẹ́nu ọ̀nà ààfin, apẹ̀rẹ̀ lórí, kò wọlé, kò sì padà sílé. "Bàbá, kí lẹ ń dúró dè?" Ọrùn bàbá á kàn máa gbọ̀n lábẹ́ ẹrù náà. Bí oníbàárà bá fọn fèrè mọ́tò tí Fàtáì ta jí, omi á ti wà lójú rẹ̀. Àánú arúgbó náà ń ṣe é, àánú ara rẹ̀ náà sì ń ṣe é.

Ẹnì kan ló kù tó lè tú u sílẹ̀: Màmá Ìbílọlá, ọmọ bíbí inú ọba náà, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Whitby. Fàtáì ní òun á lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn láti sọ ọ̀rọ̀ náà. Ayọ̀mipọ̀ ló fi mọ́tò gbé e lọ.

"Kí lẹ tiẹ̀ ń wá lọ́dọ̀ wọn, Daddy? The same people that laugh at you."

"Ṣáà máa wa mọ́tò, ọmọ mi."

Ṣíwọlá, ìyàwó ilé, ló ṣílẹ̀kùn. "Uncle, ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o, Màmá ò dá èèyàn mọ̀ mọ́."

Àyè wo ni ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ fẹ́ fún ènìyàn? Síbẹ̀ Fàtáì wọlé. Màmá wà lójú fèrèsé, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n lẹ́sẹ̀, ìmọ́lẹ̀ funfun bo gbogbo ara wọn. Fàtáì dọ̀bálẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, Màmá ti gbójú sókè. Ohùn ọmọdé ló jáde lẹ́nu wọn.

"Bàbá Ọ̀tún, ẹ má nà mí o."

Fàtáì fi eékún wọ́ sún mọ́ wọn.

"Bàbá mi ló rán mi sí yín. Wọ́n ń mí gúlegúle. Wọ́n ní kí n sáré. Mo dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ará ààfin ti ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, wọ́n ní ọmọdé kan ò gbọdọ̀ jáde, wọ́n ní ọba ń sinmi." Omi ń bọ́ lójú wọn. "Bàbá mi ní àwọn ò ní rí òpin ogun yìí. Ẹ má dúró de àwọn mọ́. Wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Fàtáì rọra di ọwọ́ wọn mú. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, ìtura sì wà nínú ẹkún náà. "Ẹ ti jẹ́ iṣẹ́ yín," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa nà yín."

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ o, Bàbá Ọ̀tún."

"Ẹ ò pẹ́, ìyá mi."

Ayọ̀mipọ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n jókòó sínú mọ́tò, ó kọjú sí bàbá rẹ̀. "Daddy, who was she talking to? Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàbá bàbá mi ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ibi tí ajẹ́lẹ̀ ti ṣí fìlà. Wọ́n dé Bowmanville, Ayọ̀mipọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kò sì sí ẹni tó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ọmọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Ẹ kí i, Daddy. Ẹ fi orúkọ ẹ̀ kí i."

Fàtáì nu ojú rẹ̀. "Àlàmú," ó ní, "káàbọ̀."