Ẹnu Àkurákudà Tí Bàbá Wa Gbé Lọ sí Ọ̀tùn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Ìkọ̀lé tí mo ti ká àpò ìrẹsì tó ṣófo sábẹ́ abíyá, tí mo ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà mi lábẹ́ àga. Ọyẹ́ ọdún náà mú, omi inú garawa fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lọ́wọ́. Ìyá wa ti jí ṣáájú mi. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde láìdágbére. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, bùbá rẹ̀ yọ̀ kúrò ní èjìká kan. Ránṣọránṣọ ni mí. Mo ti mú ẹ̀gbẹ́ bùbá yẹn wọlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan náà, síbẹ̀ ó tún tóbi jù ú lọ.

"Bí o bá dé ọ̀hún," ó ní, "má bá Bàbá Ògúndélé ṣe agídí. Sọ pé èmi ni mo rán ọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé e síwájú Ògún, tí wọ́n ti da epo sí i, fi sílẹ̀ níbẹ̀. N kò lè gbé e wọ ulé mi."

"Yèyé, bí mo bá wá bọ̀ lọ́wọ́ òfo ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé mo pẹ́ jù nìyẹn. Mo kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án kí n tó lọ bá bàbá rẹ. Bó bá bi mí léèrè rẹ̀ lọ́run, kí ni mo fẹ́ wí?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń wí. Kúùkù ni bàbá wa nínú ọkọ̀ apẹja ní Èkó. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, rédíò ni wọ́n ń gbé bọ̀. Tiwa á gbé igbá ahun òkun, á gbé ìkarahun tí ń hùmù bí a bá gbé e sétí, fún àwa tó jẹ́ pé odò tí kò ju orúnkún lọ la mọ̀. Lọ́dún kan, ó gbé ẹnu àkurákudà dé. Àkurákudà ni ẹja ńlá abeyín tó ń ṣọdẹ nínú òkun. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ha ẹran ara rẹ̀ kúrò, tó sá a gbẹ lórí ọkọ̀, ó sì gbé e kọ́ sí ògiri pálọ̀. Eyín rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ bí eyín ayùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, bàbá á gbé e sọ̀kalẹ̀, á fi táwẹ̀lì rẹ̀ wé eyín náà yí ká, á sì pe àwa ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ó kàn ọ́!" A ó ki orí bọ̀ ọ́, a ó kọjá sódì kejì. Ọmọ tí èjìká rẹ̀ bá há ti di àgbà nìyẹn, bàbá á ra aago ọwọ́ fún un. Lọ́dún tí tèmi há, mo sunkún. Inú mi dùn sí aago náà, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé n kò ní kọjá mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ibà gbé àbúrò mi Káyọ̀dé lọ. Ìyá kan tó ń gbàdúrà kiri wọlé wá kí wa, ó na ìka sí ògiri, ó ní ẹnu tó là sílẹ̀ nínú ilé kò lè ṣàìgbé nǹkan mì. Ìyá wa ní kí ẹnu náà jáde tàbí kí òun jáde. Bàbá kò jiyàn. Ó gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọdẹ ní Ọ̀tùn, ó sì fi kàlẹ́ńdà bo ojú ìṣó. Títí tó fi kú, kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ létí wa.

Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹnì kan, àfi kí o lọ bá a. Mo wọ Píjò kan ní gáréèjì, ọgọ́ta náírà dé Ọ̀yẹ́, àwa méjì níwájú, àwọn mẹ́rin lẹ́yìn, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi sì jẹ́ èyí tí èrò ní láti fọwọ́ dì mú fúnra rẹ̀. Nígbà tí a kọjá Ìtàpá, oòrùn ń yọ láàárín eruku. Mo rántí bàbá tó ń gba ọ̀nà yìí bọ̀, tí igbá ahun wà lórí itan rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Àárò rẹ̀ sọ mí gan-an. Mo ra àkàrà gbígbóná ní Ọ̀yẹ́, mo wọ ọkọ̀ mìíràn dé Ìdó, láti ibẹ̀ ni mo ti rí ti Ọ̀tùn. Ọ̀nà yẹn rí gbágungbàgun. Ibi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò ju ibi tó kù lọ.

Kò ṣòro láti rí ilé ọdẹ. Agbárí ẹfọ̀n wà lókè ilẹ̀kùn, ẹ̀gún òòrẹ̀ àti ìpẹ́ akika wà lára ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ni ojúbọ Ògún wà, màrìwò rẹ̀ tutù, epo orí irin rẹ̀ ṣì ń dán. Mo wò ó lókè, mo wò ó nílẹ̀, n kò rí eyín kankan níbẹ̀.

"Ọmọ Kúùkù!" Bàbá Ògúndélé ló kígbe bẹ́ẹ̀, arúgbó gíga tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. "Ìwọ kọ́ lo jọ ọ́, iwájú orí rẹ ló jọ ọ́."

Mo fẹ́ la ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ilé tiwa, orí ìdúró la ti ń bi àlejò pé kí ló dé. Níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tiwọn: wọn kì í béèrè iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ àfi bí o bá jẹun tán. Wọ́n gún iyán uṣu titun, funfun báláú, wọ́n sì gbé ẹran ìgbẹ́ lé e. Mo jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé. Nígbà tí mo ṣan ọwọ́ tán ni mo jẹ́ iṣẹ́ Ìyá wa, títí kan ti epo.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ògún kẹ̀? Ẹran tí n kò pa, ṣé mo lè gbé e síwájú Ògún pé èmi ni mo pa á? Irọ́ ńlá nìyẹn. Kúùkù ló ni ín. Wá wo inú ulé."

Ó wà lókè ilẹ̀kùn yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn, òrí tí wọ́n fi pa á lára mú kó máa dán. Táwẹ̀lì bàbá mi wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ká a.

"Bó bá ti di ọjọ́ kejì ọdún, Kúùkù á dé," ó ní. "Kò yẹ̀ ẹ́ títí tí ukú fi mú un. Òun ló kọ́ àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ṣùgbọ́n kó tó pe tiwa, á kọ́kọ́ dì í mú báyìí, á ní, 'Káyọ̀dé, ó kàn ọ́.' Á dúró díẹ̀. Bó bá tó àsìkò tí ọmọ lè fi kọjá, á wá pe àwọn yòókù."

Ọjọ́ kejì ọdún! A mọ̀ pé ó máa ń lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, iṣu ló máa ń rù bọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ lóòótọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún, ojú kò sì tì mí.

Bàbá Ògúndélé gbé òun àti táwẹ̀lì náà sọ̀kalẹ̀, ó kó wọn sínú àpò mi. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan bi í pé, "Bàbá, kí la ó wá kọjá nínú rẹ̀ lọ́dún yìí?" Ó ní, "Àwọn ló ni ín." Ọmọ náà tẹjú mọ́ ìṣó tó ṣófo. Mo mú àpò mi, mo jáde, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi tó bí mo ṣe rò.

Ní gáréèjì, eyín kan yọ jáde lára àpò. Dẹ́rẹ́bà fò sẹ́yìn: "Àǹtí, kí nìyẹn? N kò gbé e o!" Obìnrin kan ti ń pe Jésù. Mo ṣí àpò náà fún wọn, mo ní ẹja ni. Bàbá kan tó kọ́ Róṣárì sọ́rùn wò ó dáadáa, ó ní, "Irú èyí ló gbé Jónà mì nìyẹn." Ìgbà náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn án, dẹ́rẹ́bà náà sì ní iwájú ni kí n jókòó, kí òun lè máa wò ó. Títí a fi dé Ìdó ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wo ọ̀nà.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo délé. Ìyá wa gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó fọwọ́ kan eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Òrí ni," ó ní. "Kì í ṣe epo."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ọjọ́ kejì ọdún, ti orúkọ tí bàbá máa ń pè, ti ìbéèrè ọmọ Ọ̀tùn náà. Ibi tí mo lọ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó yé mi nínú ìrìn náà pé bàbá wa kò fìgbà kan gba ìyá wa lẹ́bi. Ó kàn gbé ẹkún tirẹ̀ lọ síbi tí kò ti ní dá kún tìyá wa.

"Wé táwẹ̀lì mọ́ ọn," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Èmi nìkan ni n kò kọjá rí nínú ulé yìí."

Mo dì í mú. Ó ki orí bọ̀ ọ́, èjìká kan, lẹ́yìn náà èkejì. Kò há rárá. Èjìká ìyá wa, tó gbé gbogbo wa pọ̀n, wọlé bí èjìká ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "N kò ní gba aago o." Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

"Lọ́jọ́ kejì ọdún, ìwọ àti èmi ń lọ sí Ọ̀tùn," ó ní. "A ó dá a padà fún àwọn ọmọ. Gbé e wá ná."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú gangan síwájú, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Káyọ̀dé," ó ní, "ó kàn ọ́."

A jọ dúró.