Àsíá Alábahun ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ardith

Bí ẹ bá dé Corley tí ẹ béèrè ẹni tó lẹ́nu jù, ẹ ò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì: Ardith Vondrak ni. Òun ló ń se oúnjẹ ọmọ iléèwé wa. Bó bá pariwo "Ẹ tò!" láti ilé ìdáná, àwọn tíṣà pàápàá á tò. Kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lorna.

Ìlú ńlá Pruitt, ní òdìkejì odò Mississippi, ni Lorna lọ sílé ọkọ. Ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ibẹ̀ ń jẹ́ Alábahun, tiwa ń jẹ́ Àrọ̀. Àdéhùn wà láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò: bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ rẹ, wàá gba àsíá ẹgbẹ́ kejì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ títí wọn yóò fi tún pàdé tàbí tí sáà tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tó borí ni yóò sì wá fọwọ́ ara rẹ̀ so ó. Ká má purọ́, Àrọ̀ kì í borí. Àsíá Pruitt ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di kọ́tìnnì ilé Ardith.

"Ardith, fà á kó gún régé," ni Lorna máa ń sọ láti orí àga tó gùn so ó. "Àlejò pàtàkì ni."

"Ẹ máa ṣe é lọ. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun."

"Ọjọ́ wo gan-an? Kí n tètè lọ aṣọ mi."

Ohun kan ṣoṣo ni Ardith ń fẹ́: kó so àsíá Àrọ̀ mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Lorna, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré.

Nígbà tí àwọn alákòóso líìgì pe gbogbo ìlú sípàdé pé àwọn fẹ́ tún àwọn ìpín tò, ta ló kọ́kọ́ dìde bí kò ṣe Ardith?

"Torí pé odò kan náà là ń mu, ẹ so ewúrẹ́ mọ́ màlúù! Ẹ kó àwọn ìlú ńlá sí ìpín kan, kí wọ́n máa fìyà jẹ ara wọn. Ẹ kó àwa kéékèèké sí ìkejì. Ẹni tó bá gba ìpín kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pàdé ní àṣekágbá."

Gbọ̀ngàn hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mú. Lorna nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"O ti lé mi nílé rẹ nìyẹn," ló wí, ó sì wakọ̀ gba orí afárá lọ.

Ardith fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Àrọ̀ ń na ẹgbẹ́ yìí, ó ń na tọ̀hún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí àsíá kankan. Ṣùgbọ́n Alábahun ò bá wa gbá mọ́, Lorna ò sì wá. Ardith yan kolache, búrẹ́dì dídùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ràn, kò rẹ́ni bá a jẹ ẹ́. Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ ọ́ gidigidi. Gbogbo ẹnu yẹn, kò lè fi pè é lórí fóònù!

Nígbà tí ewé ń pọ́n, Àrọ̀ gba ìpín tiwa. Ta ló gba ìpín àwọn ńlá? Alábahun! Corley dàrú. Láyé ìpín àtijọ́ tí a jọ wà nínú ọ̀kan, irú àṣekágbá bẹ́ẹ̀ ò lè wáyé láéláé. Àwa là ń ṣíwájú títí eré fi fẹ́ parí, àfi ìgbà tí ọmọ Pruitt kan gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ọgbà, ó bọ́ sódò. Ó tán, wọ́n borí.

Lọ́jọ́ kejì, Lorna dé tòun ti àsíá.

"Fà á kó gún régé. Eré tó kẹ́yìn ọdún nìyẹn, ṣé o mọ̀? Títí yìnyín á fi yọ́ ló máa wà níbẹ̀."

Ardith fa àsíá náà kó gún régé. Áà! Kò tiẹ̀ rò ó débẹ̀.

"Màá sì máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò fọkàn tán ẹ."

Ó ń wá lóòótọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, yìnyín ì báà bo afárá, Lorna á dé, á wo àsíá fìrí, á wọlé lọ bá ọbẹ̀ adìẹ àti kolache. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó lọ.

Nígbà tí yìnyín yọ́, àwọn alákòóso tún pèpàdé. Alága wo Ardith, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyáàfin Vondrak, ó jọ pé ètò yín ò gbè yín. Ṣé ká dá a padà sí tàtijọ́ ni?"

Ardith fò dìde.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

Lorna ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.