Àga Tí A Rà fún Ìyá Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹsẹ̀ la fi ń lọ sóko láti Òkè-Ìlá. Ìyá wa á síwájú, àwa ọmọ mẹ́rin á tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù kò lè mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Kí ó má bàa sú wa, ìyá wa ní kí á máa dárúkọ ohun tí a bá kọjá: òkúta pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa, igi orógbó, odò kékeré, igi àràbà, ahéré bàbá kan tó máa ń bú wa. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan á padà sídìí òkúta, á tún ìrìn náà bẹ̀rẹ̀. Èmi olóríkunkun ni mo ń padà jù.

Ìyá wa ń rìn báyìí títí ó fi lé ní àádọ́rin ọdún. Kò sí ọmọ kan nínú ìjọ wa tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀ àti ti ìyá tó bí i.

Àwa la dá a dúró. A ti di tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ojú sì ń tì wá pé ìyá wa ṣì ń ru igi. Ìyá ọmọ tó yanjú níláti jókòó jẹun, bí a ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. A ra àga onítìmùtìmù kan sí pálọ̀, a gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ẹsẹ̀ kò dùn mí o. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe nínú ule?”

Èmi àkọ́bí ni mo fèsì pé, “Ẹ sinmi, Màámi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó.”

Ó sinmi. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo dá a lóhùn. Ó tún bi mí. 

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní, “Mi ò lè sọ pé jíjókòó ló fà á, sà. Ṣùgbọ́n ìrìn déédéé, èyí tó ń mú èémí yára, a máa ran ọpọlọ àgbà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn.” A gbìyànjú. Kò fẹ́ dìde lórí àga náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe kú.

Èmi náà ti dàgbà báyìí. Láràárọ̀ ni mo ń rin ọ̀nà oko àtijọ́ náà lọ sí àdúgbò Adébáyọ̀, níbi tí oko wa wà tẹ́lẹ̀, títí màá fi làágùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi gbé àga wá fún mi. “Dádì, kí làwọn èèyàn máa sọ?” Mi ò bínú sí i. Mo kó aṣọ tí mo fọ̀ lé àga náà.

Ayé ti yí. Ṣọ́ọ̀bù fóònù ló wà níbi igi orógbó, odò ti di gọ́tà, síbẹ̀ mo ṣì ń pè wọ́n bí mo bá ń kọjá. Láàárọ̀ òní, mo dé Adébáyọ̀, mo rí i pé mẹ́rin péré nínú márùn-ún ni mo pè. Ọlọ́kadà kan ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín.”  Mo padà sí Òkè-Ìlá, mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Lẹ́yìn gọ́tà ni igi àràbà tó wá sí mi lẹ́nu, mo sì pè é sókè láàárín títì, lójú gbogbo èèyàn.