Fóònù Tó Dákẹ́ Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Gbogbo oníbúrẹ́dì láti Agége dé Dopemu ló mọ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi lórí. Iṣẹ́ ọ̀rá búrẹ́dì ni a ń ṣe: a ń gé e, a sì ń tẹ orúkọ oníbúrẹ́dì sí i lára, nínú ilé kékeré kan tí a háyà ní Ìkẹjà, lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, àwọn ló sì kọ́ èmi àbúrò wọn obìnrin. Èmi ni mo ń mójú tó o báyìí, nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n kò jẹ́ kí wọ́n lè máa wá lójoojúmọ́ mọ́.

Ẹsẹ̀ wọn kò wá, ṣùgbọ́n fóònù kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Iwájú ilé wọn ní Agége ni wọ́n ń jókòó sí láti gbé ìpè oníbàárà. Wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè ọmọ àti àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ọ̀rọ̀ ọ̀rá tó délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi á wá pè mí láti sọ ohun tí oníbàárà fẹ́. Bí wọ́n bá rántí nìyẹn o. Bí wọ́n bá wà lórí ìrun, tàbí tí wọ́n ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, oníbàárà á pè é tì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń rà jù lọ́wọ́ wa fìbínú wá bá mi, ó ní bí òun bá tún pè tí kò wọlé, òun á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Èmi tí mi ò ní sùúrù tẹ́lẹ̀, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú fi tiwọn hàn mí: tẹlifóònù orí tábìlì, wáyà káàkiri ara ògiri, àti ohùn obìnrin kan tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún èèyàn pé kó tẹ oókan, kó tẹ eéjì. Ó wù mí, mi ò ní purọ́. Mo wá ronú kan àwọn oníbúrẹ́dì wa, tí wọ́n á kí ohùn yẹn ẹ káàárọ̀, tí wọ́n á sì dúró kó dá wọn lóhùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iná gbọ́dọ̀ wà kó tó ṣiṣẹ́. Ta ni yóò máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí fóònù? Ẹnìkan tún ní kí n ra síìmù fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ní rárá. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá bínú lọ, á kó àwọn oníbàárà wa sápò lọ.

Èyí tí mo wá mú ni ti ọkùnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí wa. Nọ́ńbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ yẹn náà ni a ó máa lò, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá pè é, yóò máa dún láti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn títí ẹnìkan yóò fi gbé e. Ọkùnrin náà bi mí pé, “Mà, fóònù ta ni kó kọ́kọ́ dún?”

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó kọ́kọ́ dún lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń jókòó ní ọ́fíìsì. Bí kò bá gbé e, kó dún lọ́wọ́ mi. Bí èmi náà ò bá gbé e, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Lójú mi, ọ̀wọ̀ ni. Ṣé àgbà ló yẹ kó máa sáré gbé ẹrù nígbà tí àwọn ọmọdé wà níbẹ̀ ni? Mo lọ ṣàlàyé fún wọn nílé, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sinmi. Bí a ò bá gbé e nìkan ni yóò dún lọ́wọ́ yín.” Wọ́n ní ó dáa, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i.

A wá fọwọ́ dan-in dan-in mú un. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì yẹn ì báà máa jẹun, á gbé e. Inú mi dùn, mo ń yangàn kiri. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé bí a bá ń gbé gbogbo rẹ̀, fóònù ẹ̀gbọ́n mi kò ní dún mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àlàájà kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní Agége pè mí, oníbàárà wa àtijọ́.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan o, Àlàájà. Kí ló dé?”

“Ẹ̀gbọ́n yín ló wà níbi iṣẹ́ búrẹ́dì mi níbí. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n máà bínú, kí n padà wá máa rajà. Ṣé àná kọ́ ni mo gba ọ̀rá lọ́wọ́ yín ni? Mo sọ fún wọn, wọn ò gbà. Wọ́n ní mò ń tijú ni. Wọ́n ti bẹ àwọn mìíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, tòun ti ọ̀pá lọ́wọ́.”

Mo háyà kẹ̀kẹ́, mo forí lé Agége. Inú ń bí mi lọ́nà. Mo ti to gbogbo ohun tí àbúrò lè fi ọ̀wọ̀ bínú sọ sẹ́nu. Ìgbà tí mo débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìyẹ̀fun, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n síwájú, fìlà wọn wà lórí itan. Mo jókòó tì wọ́n.

“Kí ló dé tẹ́ ò bi mí?” ni mo rí sọ.

“Ṣé wàá sọ fún mi ni? O ò ní fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ru. Láti ìgbà tí o ti ṣe nǹkan yẹn, ẹnìkan ò pè, bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ pé gbogbo ìpè lẹ ń rí gbé. Mo ní àwọn èèyàn wa ti lọ, àbúrò mi sì ń fi pamọ́ fún mi.”

Mo mú fóònù mi, níbi tí gbogbo ìpè tí ọ́fíìsì bá gbé ti ń hàn, mo fi àwọn ìpè tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà nìkan hàn wọ́n. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn oníbàárà sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn sì ń tú ká. “Àlùhámúdùlíláì! Wọn ò lọ.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá fóònù náà padà fún mi.

“Ṣé wọ́n béèrè mi?”

Àlàájà ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n sáà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Wọ́n mọ ojú mi bí mo bá ń purọ́.

“Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n béèrè yín gan-an.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Lẹ́yìn náà, ọ̀rá ni wọ́n ń béèrè.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára fìlà, wọ́n dé e padà.

“Iṣẹ́ náà ti ń dá rìn nìyẹn,” wọ́n ní, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ ọmọ. “Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣubú.”

Àmín ló yẹ kí n ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn, mo sì kàn di apá wọn mú kí wọ́n lè dìde.