Omi Abẹ́ Yìnyín

Ìyá Bọ̀wálé kò tìtorí fọ́tò lọ sí òkè yìnyín ní Switzerland. Omi ló tìtorí rẹ̀ lọ. Ọdún kẹsàn-án rèé tí Olúwaṣèyí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Clear Lake ní Amẹ́ríkà, ti ń wá ọmọ, ọmọ ìjọ Aládùúrà paraku sì ni màmá. Ó dá a lójú pé àdúrà tí wọ́n bá gbà sí omi tó ń ṣàn látorí irú òkè bẹ́ẹ̀ kò ní padà lófo.

Nígbà tí Bọ̀wálé àti Démiládé ìyàwó rẹ̀ ń ya fọ́tò, màmá bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ta ní í wọ bàtà pọn omi àdúrà? Ó wọ inú omi tó ń yọ́ jáde lábẹ́ yìnyín, ó ń pe orúkọ Ṣèyí bó ti ń bù ú sínú ike, títí kò fi mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára mọ́. Kàkà kí Bọ̀wálé gbé bàtà fún un, fóònù ló nà sí i. Fídíò ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí màmá tó ri ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ọmọ tí wọ́n fẹ̀yìn pọ̀n rèé o.

Wọ́n padà sí ilé Bọ̀wálé ní Sugar Land, ní Amẹ́ríkà kan náà, níbi tí ẹni tí kò lè wakọ̀ kò ti lè dé ibì kankan. Màmá gbé ike sínú fìríìjì, ó ń gbààwẹ̀ de Sátidé tí Ṣèyí máa wá.

Fúráìdè ni àwọn ọ̀rẹ́ Bọ̀wálé wá kí i. Ẹ̀rín wọn ló mú màmá jáde ní yàrá. Ike ti ṣófo. Démiládé ti bu omi náà fún wọn mu, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó gbé tiẹ̀ mu.

Màmá bi ọmọ rẹ̀ bóyá kò mọ ẹni tó ni omi. Bọ̀wálé nu ẹnu.

“Màmá, ẹ má bínú. Omi ṣáà lomi. Ẹ pọn òmíràn ní tap, Ṣèyí ò ní mọ̀.”

Inú bí màmá débi pé èpè dé ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ó gbé ike, ó wọ kíṣìnnì lọ.

Nígbà tí Ṣèyí dé lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gba ike.

“Màmá, ṣé omi òkè yẹn rèé?”

Ojú rẹ̀ ń dán. Ẹ̀rù ojú yẹn ba màmá ju ẹ̀rù irọ́ lọ.

“Òun ni, ọmọ mi.”

Màmá gbàdúrà lé e títí òógùn fi bò ó. Àmín Bọ̀wálé ló ròkè jù. Ṣèyí gbé e mu, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ó ṣì tutù bíi yìnyín.

Ó yẹ kó tutù. Àtàná ni màmá ti pọn ọ́n lẹ́nu ẹ̀rọ, tó sì gbé e sínú fìríìsà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì.