Ẹ̀rí Tí Wọ́n Ní Kí N Jẹ́ Nípa Oògùn Ooru

Níbi tí a ti ń di oògùn ooru gan-an ni ooru ti ń mú mi jù. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Iléeṣẹ́ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ewé lílọ̀ pẹ̀lú fítámì la máa ń bu sínú kápúsù, fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń dáwọ́ dúró. Èmi ni mò ń to ìgò rẹ̀ sínú páálí. Fọ́tò obìnrin kan wà lára páálí náà, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò lè tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kí ni tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ooru?

Èmi mọ̀ ọ́n. Á kàn ṣàdédé gbéra láti àyà, á gun ọrùn, á bo gbogbo orí mi. Ilé ìyàgbẹ́ ni mo máa ń sá lọ títí á fi rọlẹ̀. Mo lo kápúsù náà fún oṣù mẹ́ta láìfo ọjọ́ kan. Mò ń sùn dáadáa díẹ̀, n ò ní purọ́. Ooru ní tiẹ̀ ò gbọ́ pé mò ń lo oògùn.

Lọ́jọ́ kan, súpáfáísọ̀ wa, tí kò ju àkọ́bí mi lọ, gbé fóònù dé. Fídíò ìpolówó ló fẹ́ fi mí ṣe.

“Màmá, ẹ kàn sọ pé ooru ti lọ pátápátá.”

“Kò tíì lọ, ọ̀gá.”

“Ta ló máa mọ̀? Ẹ dẹ̀ rántí pé wọ́n fẹ́ dín èèyàn kù níbi tí ẹ wà.”

Inú bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjù ti wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ rí, ó torí ẹ̀ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì. Ilé ìwòsàn la gbé e dé.

Bí súpáfáísọ̀ ṣe tan fóònù láti yà mí ni ooru náà dé. Mo fa nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń bo irun níbi iṣẹ́ kúrò lórí, gbogbo ewú mi yọ síta.

“Oṣù mẹ́ta ni mo ti lò ó. Mò ń sùn díẹ̀ sí i. Ooru ò lọ. Òun ló ń mú mi yìí. Ẹ má torí tiwa pa oògùn dókítà yín tì o.”

“Màmá, ẹ ti bà á jẹ́!”

“Ẹ lọ ya ẹni tó wà lára páálí.”

Wọn ò tíì dá mi dúró. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n dá mi dúró. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ooru dé, n ò sá lọ síbì kankan. Abẹ́ fáànù ni mo lọ dúró sí níṣojú gbogbo wọn. Obìnrin tó ń lẹ léébù mọ́ ìgò, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wá bá mi tòun ti òógùn lójú.

“Ẹ sún díẹ̀ fún mi,” ló wí.