Hóró Oògùn Ọjọ́ Kẹrin

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Garki, àìsàn ara rẹ̀ ni ìyá mi fi kọ́ mi ní ìṣirò. Olùkọ́ ìṣirò ni, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sì mọ̀ pé tíṣà kì í fẹ̀yìn tì nínú ilé ara rẹ̀. Kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́ nígbà náà. Iṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi ń ṣe, kì í tètè dé, nítorí náà èmi ni mo máa ń lọ mú oògùn wá fún un láti pálọ̀ tí mo bá ti iléèwé dé, hóró kan lójúmọ́.

Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, ó ní kí n lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí òun. Ó ní, "Ká sọ pé agbára hóró kan jẹ́ mẹ́jọ. Kílẹ̀ tó mọ́, ìdajì á ti lọ lára mi. Iye tòní, ìdajì tàná ni, ká wá fi mẹ́jọ kún un. Kai, ó rọrùn jù!" Mo kọ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin tó kù àti mẹ́jọ tuntun di méjìlá. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́rìnlá. Mo rò pé bí iye yẹn ṣe ń gòkè ni ara ìyá mi ń le sí i.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo bá àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ ṣeré létí adágún omi Jabi. Eré dùn, mo gbàgbé. Ìgbà tí mo fi délé, ìyá mi ti sùn lọ, mo sì ń gbọ́ ìró ọkọ̀ bàbá mi níta. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ẹni pé mo ti fún un.

Bàbá mi wọlé, ó wo ògiri. "Ṣé ọmọ ti fún ẹ lóògùn?"

Ìyá mi lajú, ó wò mí títí. "Ó ti fún mi, Dádì. Ọmọ yẹn ń gbìyànjú, ṣá."

Láti ọjọ́ náà, irọ́ ni mo ń pín sí méjì, irọ́ ni mo ń fi mẹ́jọ kún. Bébà náà kò tíì kún tí ìyá mi fi kú.

Èmi ni mo já a kúrò lára ògiri. Lábẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mi, ìyá mi ti fi pẹ́ńsùlù kọ méje, tín-ín-rín. Lábẹ́ gbogbo iye tó tẹ̀ lé e, ó kọ òótọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Kò bá mi wí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi dókítà kan léèrè, ó ní hóró kan péré kò lè pa ènìyàn. Mo gbọ́, ọkàn mi ni kò gbà.

Ayé ti yí padà. Fóònù yín ló ń dún lónìí tí àsìkò oògùn bá tó, kò sí ọmọ tó ń gbàgbé. Ẹ sì máa ń sọ fún mi pé bọ́jọ́ bá ń gorí ọjọ́, ìbànújẹ́ á dínkù. Òótọ́ ni. Ìdajì tàná ló máa ń kù tí mo bá jí. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, mo ti rántí méje yẹn, mo sì ti fi mẹ́jọ mìíràn kún un.